Oníṣẹ́ Ọnà ní Ilé Ẹ̀rọ

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, bóyá inú kíláàsì ni o wà, bóyá orí ibùsùn rẹ ni o ti ń jí i kà lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pa iná, ọ̀ràn kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an ni mo ṣe àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀, ẹni náà sì kéré sí mi ní ọjọ́ orí tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dá mi lẹ́bi lójú mi. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ro ẹjọ́ náà níwájú rẹ, kí ìwọ tí o kò mọ̀ mí rí lè gbọ́ ọ láìṣègbè.

Olùkọ́ ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá tí ó bí mi, aládìrẹ ni. Bí ó bá ti po láfún, tí ó sì ti sè é di ẹ̀kọ, a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, a mú ìyẹ́ adìẹ kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí ya Ìbàdàndùn sí i, pẹ̀lú àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí ó wà nínú rẹ̀, láìwo ohunkóhun. Bí a bá rẹ aṣọ náà sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní mu aró. Gbogbo aládìrẹ ni ó mọ Ìbàdàndùn yà, ṣùgbọ́n ní igun kan lára aṣọ tirẹ̀, ìyá mi a máa ya aláǹgbá kékeré kan tí ó gbé orí sókè. Àmì tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa wá aláǹgbá náà kí wọ́n tó sanwó.

Àbúrò mi obìnrin ni ó bí ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin ni. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti sinmi: ó ya àwòrán sórí iyẹ̀pẹ̀, ó yà á sí etí ìwé, ó fi èédú yà á sára ògiri ilé mi. Mo nà án nítorí ti ògiri náà, n kò ní purọ́. Nígbà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, bàbá rẹ̀ gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan wá sílé láti ibi iṣẹ́, kò sì pẹ́ tí ọmọ náà fi mọ bí a ti ń kọ àṣẹ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Ohun tí ó wá ṣe yà mí lẹ́nu. Ó kọ àwọn òfin Ìbàdàndùn sínú ẹ̀rọ náà: iye òpó tí ó gbọ́dọ̀ wà, bí ìlà ti ń tẹ̀ lé ìlà, ibi tí aládìrẹ lè ti dá ọgbọ́n tirẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ dá a. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ náà a ya aṣọ kan sójú dígí rẹ̀. Bí ó bá tún tẹ̀ ẹ́, a ya òmíràn tí kò jọ ti ìṣáájú, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ adìrẹ yóò wí pé Ìbàdàndùn ni. Ní igun gbogbo wọn ni aláǹgbá ìyá ìyá rẹ̀ wà, ó gbé orí sókè. Màmá ti kú kí ó tó rí i. Mo máa ń rò pé ìbá béèrè ibi tí ẹ̀kọ wà.

Nígbà tí ọmọ náà di ẹni ọdún 19, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó kéde pé àwọn ń gba àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Wọn kò san owó, wọn kò sì gba owó. Kò sí ìwé àdéhùn kankan, wọn kò sì sọ ẹni tí yóò jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ. Mo ṣí fìlà fún ọ̀gá wọn, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí mi lọ, mo sì wí pé, "Ẹ gbà á, ọmọ yín ni." Nígbà tí a jáde sí ẹnu ọ̀nà, mo pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní, "Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, ojú àti etí ni ó ń lò, kì í lo ẹnu." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìdùnnú.

Ní oṣù kẹta, ó pè mí lórí fóònù ní òru. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, pé mo jí yín. N kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Oúnjẹ ni mo ń rà, epo ni mo ń bù sínú jẹnẹrétọ̀, èmi náà ni mo sì ń jókòó ti ilẹ̀kùn bí àlejò bá ń bọ̀." Mo dá a lóhùn pé ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ igi gbígbẹ́ lè fi ọdún kan gbáko gbá èérún igi kí ó tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, sà." Ọmọ tí ń pè mí ní Bàbá láti ọjọ́ tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ pè mí ní sà, èmi kò sì fura.

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ní kí ó gbé iṣẹ́ tí ó ti ṣe ní ilé wá, kí àwọn wò ó. Inú rẹ̀ dùn. Ó kó gbogbo àwòrán náà sínú ẹ̀rọ wọn, pẹ̀lú àwọn àṣẹ tí ó fi ń yà wọ́n. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n kí i pé ó ṣeun, ó sì padà sílé. Ní oṣù kìíní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ gba owó ìfẹ̀yìntì mi ní báńkì kan. Kàlẹ́ńdà tuntun wà lára ògiri lẹ́yìn akọ̀wé tí ń sanwó. Adìrẹ ni wọ́n yà sí i, ó sì dára púpọ̀. Mo wo igun rẹ̀ nísàlẹ̀. Aláǹgbá náà wà níbẹ̀, ó gbé orí sókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Èkó náà sí. Kò sí orúkọ mìíràn.

Ọ̀rẹ́ mi, kí ni ìwọ ìbá ṣe? Èmi tọrọ kàlẹ́ńdà kan, mo ká a, mo sì mú un lọ fún ọmọ náà bí ẹni pé ohun ìdùnnú ni. Ó wò ó títí. Ó ní, "Aláǹgbá Màmá nìyí." Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, pé ọmọdé kì í bá ọ̀gá rẹ̀ ṣẹjọ́, pé Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Kò sunkún. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ó sì lọ ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní ọjà. Ọdún méjì gbáko ni kò fi ya ohunkóhun.

Láàrín ọdún méjì náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé nípa àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó ti lọ gbé ní ilé ẹ̀rọ ṣáájú rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ rí ẹ̀rí tí yóò dá mi láre. Mo fẹ́ kà á pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe jìyà, pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo rí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé n kò tilẹ̀ sọ òtítọ́ nípa ayé àtijọ́. Lóòótọ́ ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń gbá èérún igi, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀gá ti ń gbẹ́ igi ni ó ti ń gbá a. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀bẹ. Ẹni tí a rán lọ ra oúnjẹ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ni ó kọ́? Àti pé àwọn baba wa kì í fi ọmọ síṣẹ́ láìsí ẹlẹ́rìí. A ti mọ iye ọdún tí yóò lò, a sì ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un lójú gbogbo ẹbí, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó lọ dá dúró. Lamidi Fákẹ́yẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé ti ń gbẹ́ igi kí ó tó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ láti 1947 sí 1954. Síbẹ̀ ó gbà láti tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Areogun. Bándélé sì jókòó tì í. Èmi ti rántí ìtẹríba Lamidi, mo sì ti gbàgbé ìjókòó Bándélé.

Ìtàn kejì tí mo kà wá láti Amẹ́ríkà. Ilé ìwádìí kan wà ní Murray Hill, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, tí a ń pè ní Bell Labs. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ni ín. Àwọn ẹnjiníà tí ó wà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó tóbi bí yàrá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì fojú kan ọ̀kan rí. Iṣẹ́ tí a ní kí wọ́n ṣe ni pé kí ohùn ènìyàn máa rìn geere lórí wáyà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, A. Michael Noll, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ náà ya àwòrán, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin 1965, a pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ àti ti Béla Julesz, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní Howard Wise Gallery ní ìlú New York.

Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé àwòrán tí ẹ̀rọ bá yà kì í ṣe àwòrán, sọ èyí fún un. Noll mú àwòrán kan tí ayàwòrán ńlá nì, Mondrian, yà ní 1917, ó mú àwòrán kan tí òun fi ẹ̀rọ yà ní irú rẹ̀, ó sì fi méjèèjì han 100 ènìyàn. Àwọn 28 péré ni ó mọ èyí tí ẹ̀rọ yà. Àwọn 59 wí pé ti ẹ̀rọ ni ó wu àwọn jù. N kò fi èyí gbé ẹ̀rọ ga ju Mondrian lọ o. Mondrian ni ó kọ́kọ́ rò ó, ẹni tí ó bá sì ti ríran tán, ó rọrùn fún ẹlòmíràn láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó gún mi lọ́kàn nínú ìtàn Noll kì í ṣe èyí. Ó fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé òun ni òun ni ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà. Library of Congress kọ̀ fún un. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni ó yà á. Ó ṣàlàyé pé ènìyàn ni ó kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lé, àti pé nínú àṣẹ náà, ètò wà, èèṣì sì wà. Wọ́n tún kọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó padà lọ ṣàlàyé pé àwọn nọ́ńbà tí ó dà bí èèṣì lójú wọn, ìṣirò tí ó létò ni ó mú wọn jáde. Ìgbà yìí ni wọ́n tó gbà fún un. Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo pa ìwé dé. Ọkùnrin kan rojọ́ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ìjọba nítorí àwọn ìlà orí bébà, èmi sì ní kí ọmọ mi pa ẹnu mọ́ nítorí aláǹgbá ìyá mi.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o mọ̀ jù lọ nínú ìtàn yìí ni Lillian Schwartz. A bí i ní 1927 ní ìlú Cincinnati. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ dókítà, lọ sí Japan, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sì kọlù ú níbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò ṣeé gbé, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ náà kọ́ ọ bí a ti ń kọ́kọ́ ya àwòrán lọ́kàn kí ọwọ́ tó kan bébà. Ní 1968, Museum of Modern Art ní New York pàtẹ àwọn iṣẹ́ ọnà tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Schwartz àti ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Per Biorn ní iṣẹ́ kan níbẹ̀, ohun róbótó kan tí ń tàn, tí ó sì máa ń rì wọnú àpótí rẹ̀ bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Leon Harmon ti Bell Labs, tí òun náà ní iṣẹ́ níbi àfihàn náà. Harmon ní kí ó wá wo ohun tí àwọn ń ṣe ní Murray Hill. Ó lọ. Ó ti lé ní ẹni 40 ọdún.

Rò ó wò. Obìnrin tí kì í ṣe ẹnjiníà wọ ilé tí ó kún fún àwọn ọkùnrin onímọ̀ ìṣirò, níbi tí a ti ń lu ihò sára káàdì kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ohun tí a ń wí. Wọn kò fi sí ẹnu ọ̀nà. Ken Knowlton, ẹni tí ó ṣẹ̀dá èdè tí a fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ nípa àwòrán, bá a jókòó. Ní 1970 wọ́n parí fíìmù kékeré kan tí wọ́n sọ ní Pixillation, tí ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwòrán tí ẹ̀rọ náà mú jáde kò pọ̀ tó, nítorí náà Schwartz fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ọ̀dà, ó gba àwòrán kírísítálì bí ó ti ń dàgbà, ó sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Knowlton náà kò lọ lófo. Kí Schwartz tó dé ni ó ti ń bá Stan VanDerBeek, tí ń ṣe fíìmù, ṣiṣẹ́. Bí oníṣẹ́ ọnà bá sì béèrè ohun tí èdè ẹ̀rọ kò lè sọ, Knowlton á lọ wá ọ̀nà tí yóò fi lè sọ ọ́. Ìwọ náà rí i pé bí ọ̀kan ti ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń kọ́.

N kò fẹ́ tàn ọ́ jẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Schwartz fi wà níbẹ̀ tí wọn kò san owó iṣẹ́ fún un. Àlejò ni wọ́n kà á sí. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kò sì fẹ́ kí a pariwo ọ̀rọ̀ àwòrán púpọ̀, kí àwọn tí ń san owó tẹlifóònù má baà béèrè ohun tí àwòrán ń wá nínú owó wọn. Ní Los Angeles, mùsíọ́mù ìlú náà dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 1967, ó ń fi àwọn oníṣẹ́ ọnà ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ náà ní 1971, kò sí obìnrin kan ṣoṣo láàrín àwọn oníṣẹ́ ọnà náà, àwọn obìnrin ìlú sì fi ẹ̀hónú hàn. Ìwà ìrẹ́jẹ wà níbi gbogbo. Síbẹ̀ orúkọ Schwartz wà lórí iṣẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó kú ní 2024, ní ẹni ọdún 97, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Má rò pé òkèèrè nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní Òṣogbo ní 1964, Georgina Beier ṣí ibi ìyàwòrán kan sílẹ̀ ní Mbari Mbayo fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú. Jimoh Buraimoh wà lára àwọn tí ó wọlé. Kì í ṣe ayàwòrán nígbà náà; òun ni ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládipọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹwàá 1966, oníṣẹ́ ọnà 10 àti ẹnjiníà bí 30 para pọ̀ fi òru mẹ́sàn-án ṣe eré ní New York. Billy Klüver ti Bell Labs àti Robert Rauschenberg ayàwòrán ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́, àwọn èrò ìwòran dúró pẹ́, wọ́n sì ń kùn. Ní Òṣogbo, oníná lọ bá ayàwòrán. Ní New York, ayàwòrán lọ bá oníná. Mo fẹ́ràn láti máa ro méjèèjì pọ̀ bí mo bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò kùn mí.

Ìtàn Harold Cohen ni ó dójú tì mí. Ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára àwọn tí ó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní àfihàn ńlá ti Venice ní 1966. Ní 1968 ó lọ sí Yunifásítì California ní San Diego, nígbà tí ó sì jẹ́ ẹni 40 ọdún, ó jókòó síwájú akẹ́kọ̀ọ́ kan kí ó kọ́ ọ bí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Láìpẹ́, ilé ìwádìí ti Stanford gbà á lálejò fún ọdún méjì. Ibẹ̀ ni ètò AARON, tí ń fúnra rẹ̀ ya àwòrán, ti bẹ̀rẹ̀ sí lágbára, Cohen sì ń tún un ṣe títí ó fi kú ní 2016. Àgbà jókòó síwájú ọmọdé. Èmi tí mo ní ọmọ tí ó mọ̀ nínú ilé mi, ǹjẹ́ mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé báwo ni ó ti ń ṣe é?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ bá a ní ọjà. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ lọ́nà." Ojú tì í láti gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá." Mo ní kí ó jẹ́ kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ Èkó náà, mo fi ẹ̀dà àwọn àwòrán àtijọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó yà wọ́n. Wọn kò dá mi lóhùn. Mo kọ òmíràn. Ẹjọ́ tí ó ti pẹ́ ọdún méjì kí a tó rò ó, ó ti tutù kí ó tó dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, mo sì jókòó tì í. Ó kọ́ mi bí a ti ń kọ òpó Mápó kan ṣoṣo. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òpó náà sì wọ́.

Òun ni ó sọ ìtàn Osinachi fún mi. Ọmọ Nàìjíríà ni, ìlú Aba ni a ti bí i. Kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá. Microsoft Word, èyí tí àwọn akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà, ni ó fi ń ya àwòrán ènìyàn, tí aṣọ wọn àti awọ ara wọn ń dán lójú ẹni. Ní 2023, Toledo Museum of Art ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà pè é kí ó wá gbé lọ́dọ̀ àwọn fún ìgbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà. "Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó mú lọ, Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Àwọn ni wọ́n wá a kàn."

Ní oṣù tí ó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan kọ̀wé sí i. Wọ́n fẹ́ kí ó wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kí òun mú adìrẹ wá, kí àwọn mú ẹ̀rọ wá. Ìwé àdéhùn náà jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Ó gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó sì kà á sókè fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ olùkọ́ tí yóò máa bá a jókòó wà níbẹ̀, àti ọjọ́ mélòó nínú ọ̀sẹ̀. Owó oúnjẹ àti ti yàrá wà níbẹ̀. Nígbà tí ó dé ojú ewé kẹta, ó dúró. Ó tún ibẹ̀ kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo iṣẹ́ tí ó bá ṣe ní oṣù mẹ́ta náà, àti gbogbo èyí tí ó bá mú wá, ti ilé ẹ̀kọ́ náà ni.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ, ìwọ ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti kà, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé kí ó fọwọ́ sí i, kí wọ́n má baà fún ẹlòmíràn. Mo ti la ẹnu. Ó wò mí. Mo pa á dé.

Ó ní, "Bàbá, èyí tí mo bá ṣe níbẹ̀, a lè jọ pín in. Èyí tí mo mú lọ ńkọ́?"

Mo ní, "Kí ni o fẹ́ kọ sí wọn?"

Ó ní kí n bá òun mú gègé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a kọ lẹ́tà, ojú ewé kan péré, ó sì bọ̀wọ̀ fún wọn nínú rẹ̀ dáadáa. Ó dúpẹ́ pé wọ́n pe òun. Ó wí pé òun yóò wá, àti pé òun yóò kọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ òfin Ìbàdàndùn. Ó wí pé aláǹgbá náà kì í ṣe ti òun láti fi fún ẹnikẹ́ni, ti ìyá ìyá òun ni, bí wọ́n bá sì lè yọ ìlà kan ṣoṣo yẹn kúrò ní ojú ewé kẹta, òun yóò fọwọ́ sí ìyókù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ti di ọjọ́ 11 tí lẹ́tà náà ti lọ. Títí di òwúrọ̀ yìí tí mo ń kọ èyí sí ọ, ìdáhùn kò tíì dé. Ó wà nínú yàrá kejì, mo ń gbọ́ bí ó ti ń tẹ bọ́tìnnì. Ó ní bí mo bá parí, kí n wá, pé òpó mi ṣì wọ́.